Ẹmu Kì Í Rìnrìn Àjò

Wọ́n ní kí n má lọ sí Ifẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé,
pé ọ̀nà Gbọ̀ngán ti bàjẹ́,
pé kí ni ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ń wá lọ́dọ̀ adẹ́mu?
Mo ní ẹnu ni mò ń gbé lọ, kì í ṣe ọjọ́ orí.

Ahá Bàbá mi wà nínú báàgì, mo fi ìborùn wé e.
Ó ti sán láti ẹnu dé ìdí,
wọ́n fi okùn pupa rán an bí ẹni rán aṣọ.
Mórádéùn ọmọ ọmọ mi ló wa ọkọ̀.

Ní Ẹnuwá, a wọ ilé àwọn orí amọ̀.
Ojú wọn là tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ láti iwájú orí dé àgbọ̀n,
bí òjò wẹ́wẹ́ tó dúró lójú afẹ́fẹ́ tí kò bọ́ sílẹ̀.
Imú ọ̀kan ti fọ́, ètè rẹ̀ wà digbí,
ètè ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé nǹkan mì
tí kò tíì pinnu ohun tí yóò sọ.
Mo dúró tì í títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí.
Ọmọkùnrin tó ń mú wa kiri ní,
"Mọ̀mọ́, ó ti pẹ́ gan-an tó ti wà bẹ́ẹ̀."
Mo ní, òǹgbẹ á mà ti gbẹ ẹ́ o.

A tún lọ wo ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́,
ìkòkò ọbẹ̀ àwọn tó ti lọ,
tí wọ́n tò ní ìnàró, etí lókè:
ohun tó fọ́ tó wá di ọ̀nà.
Mo fọwọ́ kan ahá mi nínú báàgì.
Fara balẹ̀. Kò tíì kàn ọ́.

Oúnjẹ Lágere, n ò ní í sọ púpọ̀.
Iyán náà ò ní kókó kan.
Ebòlò wà nínú ọbẹ̀, Mórádéùn ní ó ń rùn.
Ọmọ Èkó.

Ibi tí ọ̀dà ti tán lọ́nà Ìfẹ̀wàrà
la ti bá Ògúnmóyèró lókè.
Igbà yí òun àti ọ̀pẹ ká bíi tọkọtaya;
ó jù ú sókè, ó gbẹ́sẹ̀,
ó jù ú, ó gbẹ́sẹ̀,
oyin ń kùn yí orí rẹ̀ ká, kò lé wọn.
Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ò mu ún mọ́
láti ọdún tí ìyàwó òun ti kú.
"Etí ni mo fi ń tọ́ ọ wò."
Ó gbé akèrègbè sétí mi:
wọ́n ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́,
bí ọmọdé tí wọ́n ní kó lọ sùn.

"Ti àárọ̀, ti aboyún àti àlejò ni.
Ti ọ̀sán ti gbọ́n díẹ̀.
Ti ìrọ̀lẹ́ máa ń jà. Èwo lẹ ń wá?"
Èyí tí Bàbá mi mu kó tó kúrò nílé.
Ó wo ahá, ó wo okùn pupa.
"Ìyẹn ti tán. Àmọ́ ọ̀pẹ kan wà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn,
bàbá tèmi ló kọ́kọ́ dá a."

Ahá ń jò, ó ń kán sí mi níro,
mo sáré mu.
Mo rò pé ohùn Bàbá ni n ó rántí.
Rárá. Àtàǹpàkò rẹ̀ ni,
bó ṣe máa ń fi yọ òkú oyin lójú ẹmu
kó tó fún mi ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀,
kí Ìyá mi má mọ̀.

Mo ra kẹ́ẹ̀gì kan fún àbúrò mi l'Ékòó.
Ògúnmóyèró ní, "Ẹ má dé e pa o, kì í rìnrìn àjò."
Mórádéùn dé e pa.
Ká tó dé Gbọ̀ngán, ọmọrí fò, gbàù!
ẹmu wẹ àga, ó wẹ gíláàsì, ó wẹ gèlè mi.
Ọlọ́pàá kan yọrí wọ fèrèsé, ó gbóòórùn wa,
ó ní, "Ìyá, níbo lẹ ti ń bọ̀?"
Mo nu ojú.
Mo ní, ọ̀dọ̀ Bàbá mi.